Ẹyẹ Kan Ṣoṣo Lórí Ẹ̀ka

"Èmi dà?"

Muriel ló béèrè láti inú fóònù. Glenys, àbúrò rẹ̀, jókòó sídìí tábìlì ní ilé ìdáná pẹ̀lú tíì tó ti ń tutù. Sheeja, nọ́ọ̀sì kan, ló ń bá Muriel di fóònù mú ní wọ́ọ̀dù ọsibítù. Fọ́tò tí Glenys fi ránṣẹ́ láàárọ̀ ni wọ́n jọ ń wò: ẹ̀ka igi gíga kan tí wọ́n ń pè ní gọ́ọ̀mù, ẹyẹ kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Lójoojúmọ́, méjì ni wọ́n máa ń jẹ́, wọn á fún mọ́ ara wọn bí ẹni tó ń pín aṣọ ìbora kan.

Ẹyẹ ẹlẹ́nu-ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n. Àwọ̀ wọn dà bí eérú, orí wọn tóbi, ẹnu wọn fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Òru ni wọ́n ń ṣọdẹ. Lọ́sàn-án, oorun niṣẹ́ wọn. Ó ti pẹ́ tí Muriel ti pín wọn. Èyí tó tóbi, tó máa ń dijú bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ayé ti sú, òun Muriel nìyẹn. Èyí tó kéré, tó máa ń fara tì í, Glenys nìyẹn. Nígbà tí ẹnì kan sọ fún un pé akọ ni èyí tó tóbi, pé òun ló máa ń sàba lé ẹyin lọ́sàn-án, Muriel ní kò burú rárá. "Ta ló ń gun òrùlé nínú ilé yìí?" ló wí. "Èmi náà ni baba ilé."

Èyí tó kéré ló kù lórí ẹ̀ka.

"Kí lẹ jẹ láàárọ̀?" Glenys bi í.

"Wọ́n pè é ní ẹyin. N kò bá wọn jiyàn."

"Ẹ ṣáà jẹ ẹ́."

"Glenys, mo bi ọ́ ní nǹkan."

"Mo máa padà lọ wò ó, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí n padà lọ wò ó."

Òrùlé yẹn gan-an ló gbé Muriel dé ọsibítù. Ó ti kọjá ọjọ́ orí ẹni tó yẹ kó máa gun àkàbà, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un? Ó lọ kó ewé kúrò nínú gọ́tà òrùlé nígbà tí òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àkàbà yọ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ sì kán. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, iṣẹ́ abẹ sì yọrí sí rere. Ṣùgbọ́n Kòrónà ti ti ilẹ̀kùn ọsibítù mọ́ àlejò. Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ aláìsàn ti gbé e jáde nínú ọgbà wọn, ojú fóònù nìkan ni Glenys ti ń rí i.

Dókítà ti là á mọ́lẹ̀ fún wọn. Ní ìparí oṣù, wọn yóò ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ Muriel. Bó bá lè fi férémù, irin tí aláìsàn ń dì mú rìn, rìn láti ibùsùn dé òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó sì padà, yóò lọ sílé. Bí kò bá lè ṣe é, ilé ìtọ́jú àgbàlagbà tó wà ní ìlú kejì ló ń lọ, níbi tí wọn kò ti gba àlejò kankan, tí kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọn yóò gbà á. Dókítà náà sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ lẹ́yìn ìbòmú rẹ̀. Àwọn méjèèjì gbọ́ ohun tó sọ yékéyéké. Inú ilé tí wọ́n ti jọ dàgbà ni wọ́n ṣì jọ ń gbé. Kò sí èyí tó fẹ́ ọkọ nínú wọn, kò sì sí èyí tó mọ bí wọ́n ṣe ń dá tíì ẹnì kan pò.

Sheeja ló dá ọgbọ́n kan. Láràárọ̀, bí fọ́tò bá ti wọlé, kì í gbé fóònù wá síbi ibùsùn mọ́. Á gbé e lé àga kan níbi ẹnu ọ̀nà, á ní, "Mà, àwọn ẹyẹ yín ti dé o. Ẹ wá kí wọn." Muriel á bú u, á bú dókítà, á bú ìjọba, á sì dìde. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó dé ìdajì yàrá. Lẹ́yìn náà, ó dé ẹnu ọ̀nà. Sheeja sì ti ń ronú láti gbé àga náà síwájú díẹ̀ sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ní báyìí, ẹyẹ kan ti di àwátì.

Lọ́jọ́ kejì, Glenys jáde ní kùtùkùtù. Òfin gbà kéèyàn jáde lọ na ẹsẹ̀ nítòsí ilé, ó sì ń lo òfin náà dé góńgó. Ó pa tẹlifíṣọ̀n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye àwọn tó ti kó àrùn. Ó de ìbòmú rẹ̀. Ó wá gbé ike áísìkirímù tó ṣófo dé orí, èyí tó ti ya ojú ńláńlá méjì sí lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn mágípáì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ìtẹ́. Ẹyẹ dúdú-funfun wọ̀nyí máa ń já bọ́ sí èèyàn lórí láti ẹ̀yìn, wọn kì í sì í ṣe é fún ẹni tó ń wò wọ́n lójú. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ìlú fi ń gbé ojú rìn lẹ́yìn orí. Kò sẹ́ni tó ń fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́.

Bó ti ń wọ inú igbó, èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ohunkóhun tí ì báà máa ṣẹlẹ̀ ní ìlú ńlá, igbó kò gbọ́. Àwọn òdòdó ofeefee ti bo igi wátù, òórùn wọn dà bí oyin tí wọ́n bu omi là. Àwọn ayékòótọ́ pupa ń já èso sílẹ̀ bí ọmọ tó kọ oúnjẹ. Agbo ẹyẹ dúdú olójú pupa kan ń rìn nílẹ̀, wọ́n ń tú ewé kiri, ọ̀kan á súfèé, gbogbo wọn á dáhùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò tó ti gbẹ, akọ ẹyẹ kékeré kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ ń fò láti igi dé igi, ara rẹ̀ búlúù débi pé ó dà bí irọ́. Glenys dúró wò ó pẹ́. Fún ìgbà díẹ̀, kò rántí ohun tó ń wá.

Ìṣòro rẹ̀ kan ni awò ojú. Bó bá ti mí sínú ìbòmú, ooru á gòkè, á sì bo awò náà funfun. Bó bá yọ awò, kò rí ohun tó wà lókè igi. Bó bá wọ̀ ọ́, ìkùukùu ló ń rí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rìn, ó ń nu awò, ó ń gbójú sókè, ó tún ń nu ún.

Ẹyẹ kékeré náà wà lórí ẹ̀ka rẹ̀, ó dá wà. Glenys wo abẹ́ igi bóyá òun yóò rí ìyẹ́. Kò rí nǹkan. Ó wo oríta ẹ̀ka níbi tí wọ́n máa ń tẹ́ ìtẹ́ sí lọ́dọọdún. Ìjì oṣù tó kọjá ti fa oríta náà ya, ó sì wà nílẹ̀ lẹ́bàá igi. A jẹ́ pé kò sí ìtẹ́ lọ́dún yìí. Ìyẹn gan-an ló ń bà á nínú jẹ́. Ká ní ìtẹ́ wà ni, ì bá mọ ibi tí èyí ńlá yóò wà.

Nankervis ń bọ̀ lójú ọ̀nà pẹ̀lú ajá rẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn. Aládùúgbò wọn ni, ọkùnrin tí kì í mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ó dúró níbi tí òfin ní kó dúró sí.

"Mo rí ọ̀kan nínú òwìwí yín," ló wí.

"Wọn kì í ṣe òwìwí. Níbo?"

"Lójú títì ńlá, nítòsí ibi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí. Ọkọ̀ ti tẹ̀ ẹ́."

Glenys gbójú sókè wo ẹyẹ kékeré náà.

"Ó mà ṣe o," ni Nankervis wí. Ó wá rò ó, ó rí i pé kò tó. "Ó tiẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ. Kò ní mọ ohun tó kọlù ú."

"Ẹ ṣé, Nankervis. Ara mi ti balẹ̀ báyìí."

"Kí lẹ fẹ́ kí n sọ?"

"Ẹ kàn máa mú ajá yín lọ."

Ó padà sílé lọ mú àpò ike. Bó bá jẹ́ ẹyẹ ńlá náà ni, kò ní fi í sílẹ̀ fún ẹyẹ ìwò. Ní gbogbo ọ̀nà, ó ń to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ fún Muriel, kò sì rí èyí tó dára nínú wọn. Nígbà tó dé ibẹ̀, ó rí i láti òkèèrè: nǹkan eléérú, tó ti fàya, tí etí rẹ̀ ń mì nínú atẹ́gùn. Ó sún mọ́ ọn. Ó yọ awò, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.

Táyà ni. Awẹ́ táyà ọkọ̀ akẹ́rù ni, tí eruku ti sọ di eérú.

Glenys rẹ́rìn-ín níbẹ̀ lẹ́bàá títì, òun nìkan, pẹ̀lú àpò ike lọ́wọ́ àti ojú méjì lẹ́yìn orí. Awakọ̀ kan fọn fèrè sí i. Ó juwọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n táyà kì í ṣe ẹyẹ, ẹyẹ kò sì tíì padà.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, Muriel kò dé ẹnu ọ̀nà mọ́. Sheeja ló sọ ọ́ fún Glenys, pẹ̀lú ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, lórí fóònù láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù. "Wọ́n kọjú sí ògiri, mà. Mo gbé àga síbẹ̀, wọ́n ní kí n jókòó lé e fúnra mi, pé ó dà bí ẹni pé ó ti rẹ̀ mí."

Glenys fi fọ́tò mìíràn ránṣẹ́. Ó fi ti ẹyẹ búlúù yẹn ránṣẹ́, ó fi ti àwọn olójú pupa, ó fi ti ẹyẹ kan tí igbe rẹ̀ dà bí ẹ̀rín, tó jókòó sórí pátákó tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹ má jẹ́ kí ajá yín ṣe ìgbẹ́ síbí. Muriel pè é.

"Ṣé o fẹ́ fi àwọn ẹyẹ wẹ́wẹ́ dí mi lójú ni?"

"Mo rò pé ẹ máa rẹ́rìn-ín ni."

"Mo rẹ́rìn-ín sí ti ajá yẹn. Glenys, bóyá ó ti rẹ ẹyẹ ńlá yẹn láti máa gbọ́ ẹnu rẹ láti àárọ̀ dalẹ́ ni. Bóyá ó lọ sinmi."

"Bóyá."

"Bó bá ti kú, sọ fún mi. Má ṣe mí bí ọmọdé."

"N kò mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ká ní mo mọ̀, mi ò ní gbé e pamọ́ fún yín."

"Ìpàdé wọn kù sí dẹ̀dẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Wọ́n ní yàrá ilé ìtọ́jú yẹn ní fèrèsé. Ó dojú kọ ibi ìgbọ́kọ̀sí."

Lẹ́yìn ìpè yẹn, Glenys kò lè jókòó nílé. Ó lọ bá bẹ́ńṣì wọn. Bẹ́ńṣì pákó kan ni, ó wà lẹ́bàá ọ̀nà, ó kọjú sí igi tí àwọn ẹyẹ máa ń sùn lé, igi gọ́ọ̀mù ńlá mìíràn sì na apá bò ó. Ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì máa ń jókòó sí láti mu tíì inú fúláàsì. Muriel máa ń jókòó lápá òsì, nítorí ó ní etí ọ̀tún òun ni òun kì í fi gbọ́ràn dáadáa, pé apá tí kò bá gbọ́ ni kí Glenys máa sọ̀rọ̀ sí.

Glenys jókòó sí ààyè Muriel. Ó gbójú sókè, bí gbogbo ará ìlú náà ṣe máa ń ṣe kí wọ́n tó farabalẹ̀ sábẹ́ igi gọ́ọ̀mù. Igi gọ́ọ̀mù kì í kìlọ̀. Ní ọjọ́ tí atẹ́gùn kò tiẹ̀ fẹ́, ó lè ju ẹ̀ka tó tó màlúù sílẹ̀. Bàbá wọn, tó ń la pákó, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pàgọ́ sábẹ́ rẹ̀, títí dé orí ọmọ aládùúgbò tó wá ṣeré.

Nínú ìkùukùu awò rẹ̀, ó rí kùkùté ẹ̀ka kan lókè orí rẹ̀. Gbígbẹ ni. Eérú ni. Ó ti kán lókè, ẹnu ibi tó ti kán rí ṣágiṣàgi, ó dúró gẹ̀rẹ̀ níbi oríta kan, àwọn igi wẹ́wẹ́ sì há sábẹ́ rẹ̀. Kò rántí pé òun ti rí i rí. Ìjì yẹn náà ni, ló sọ nínú ara rẹ̀. Bó bá já bọ́, ààyè Muriel gan-an ni yóò já bọ́ sí.

Ó dìde kíá. Kò mọ ohun tó lè ṣe sí ọ̀rọ̀ ẹyẹ, kò mọ ohun tó lè ṣe sí egungun ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àrùn tó gba ayé kan kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka gbígbẹ lórí bẹ́ńṣì, ìyẹn ní ẹni tí wọ́n ń pè sí. Ó pe káńsù. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ń bọ̀ wálé láìpẹ́, pé ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí. Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ohun tó dájú, ó sì dùn mọ́ ọn láti gbọ́ ọ. Obìnrin tó gbé fóònù ní wọn yóò rán ènìyàn wá.

Nígbà tó sọ ọ́ fún Muriel, ẹ̀yìn orí nìkan ló kọ́kọ́ rí nínú fóònù.

"Ta ni wọ́n ń rán bọ̀?" Muriel béèrè lọ́wọ́ ògiri.

"N kò mọ̀ ọ́n."

"Bó bá jẹ́ èyí tó gé igi iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, kò mọ ayùn lò. Pè mí lórí fídíò. Mo fẹ́ wo ohun tí yóò bàjẹ́ níbẹ̀."

Ìyẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí Muriel ti fẹ́ láti ọjọ́ mélòó kan. Glenys kò bá a jiyàn.

Ẹni tó wá kì í ṣe ti iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́. Sione lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin gìrìwò kan tí ìbòmú rẹ̀ kéré jù fún ojú rẹ̀. Ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà, ó kí Glenys, ó wo ike orí rẹ̀ láìsọ nǹkan kan, ó sì wo òkè.

"Èyí ni, mà?"

"Èyí náà ni. Tó dúró gẹ̀rẹ̀ yẹn."

"Kò tóbi. N kò ní gùn ún, mo lè dúró nílẹ̀ gé e." Ó fa ayùn kan jáde látinú ọkọ̀, èyí tí wọ́n so mọ́ orí ọ̀pá gígùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀pá náà.

Glenys pe ọsibítù. Ojú Sheeja ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà, ojú Muriel, irun rẹ̀ rí wúruwùru, inú rẹ̀ kò dùn.

"Ṣé òun nìyẹn? Ó ga. Ẹ káàárọ̀ o."

"Ẹ káàárọ̀, mà," Sione dáhùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé ju bó ṣe yẹ. Glenys, èwo ni kí wọ́n gé? Gbé mi sókè."

Glenys na fóònù sókè. Sione ti to ọ̀pá tán, ó gbé e dúró, eyín ayùn ti ń sún mọ́ oríta náà.

"Kò sí ẹ̀ka gbígbẹ níbẹ̀," ni Muriel wí.

"Ó wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin ni ẹ ò rí i dáadáa."

"Mo ní kò sí. Èmi fúnra mi ni mo gé gbogbo èyí tó gbẹ lórí bẹ́ńṣì yẹn ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo gbé àkàbà wá."

Sione dá ọwọ́ dúró. "Ẹ gé igi káńsù, mà?"

"N kò bá ọ sọ̀rọ̀. Glenys, yọ ìbòmú yẹn kúrò nímú, nu ojú rẹ, kí o sì wo ohun tí o ní kí wọ́n gé."

"Ìjì ni mo rò pé—"

"Ẹ̀ka wo ni ìjì máa ń gbé wá lẹ̀ mọ́ igi? Wò ó."

Glenys fa ìbòmú wá sí ìsàlẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Sione sún sẹ́yìn fún un, bí òfin ṣe wí. Ó yọ awò, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó mí afẹ́fẹ́ tútù, ó sì fi awò náà padà sójú. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ó wo òkè ibẹ̀ láìsí ìkùukùu.

Ibi tó ti kán lókè, tó rí ṣágiṣàgi, ẹnu ni. Irun gígùn ló yọ lẹ́bàá rẹ̀. Eèpo igi tó ti bó, ìyẹ́ ni. Àwọn igi wẹ́wẹ́ tó há sí oríta, ẹnì kan ló kó wọn jọ, kò sì kó wọn jọ dáadáa, nítorí ẹyin funfun kan hàn láàárín wọn. Ẹyẹ ńlá náà ti na ara rẹ̀ gbọọrọ, ó gbé orí sókè, ó sọ ara rẹ̀ di igi pátápátá nítorí àwọn èèyàn tó ń pariwo nísàlẹ̀. Lódìkejì ọ̀nà, èyí kékeré jókòó sórí ẹ̀ka rẹ̀, ó kọjú sí i. Kò sí ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ yẹn tí kò kọjú sí i.

"Kí lo rí?" ni Muriel ń béèrè. "Glenys. Kí lo rí?"

Glenys tún gbé fóònù ga sí ẹyẹ náà, ó sì dì í mú gírígírí. Lókè, ojú kan là díẹ̀, pupa rẹ́súrẹ́sú, ó wo ayùn, ó wo ojú méjì tó wà lẹ́yìn ike, ó sì tún dijú bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ayé ti sú.

Sione rọra sọ ọ̀pá náà kalẹ̀ sínú koríko.

Nínú fóònù, Glenys gbọ́ irin férémù tó ń ró nílẹ̀ wọ́ọ̀dù, ó sì gbọ́ ohùn Sheeja tó ń sáré: "Ẹ dúró, mà. Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n wọ bàtà fún yín."